Mo bá àpótí kọ́míìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ṣé owó ni, àbí bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó jó nǹkan mọ́ mi lọ́wọ́. Àbúrò màmá mi ọkùnrin tó lọ kàwé ní Texas láyé ìjọsí, Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà la máa ń pè wọ́n, wọ́n ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó lọ la wá ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ n'Íjẹ̀bú-Òde, la bá rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, irú èyí táwọn ọmọ bọ́dìn máa ń gbé lọ síléèwé. Mo rò pé aṣọ ni. Kọ́míìkì ló kún un dẹ́nu! Mo kà á, ó lé ní ọgọ́rùn-ún kó tó sú mi. Hulk wà ńbẹ̀, Spider-Man wà ńbẹ̀, Superman, àwọn kan tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí láyé mi, Atọ́ka mẹ́fà, Ikebe Super díẹ̀, àti ọ̀kan tó ń jẹ́ Powerman tí wọ́n ya ọkùnrin dúdú sí lójú ìwé. Ojú bébà wọn ti pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òórùn ẹ̀ sì ń ta sími nímú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ta kọ́míìkì kan ní mílíọ̀nù 6 dọ́là l'Ámẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tèmi bá ń gbọ́ irú ẹ̀ kí n yáa jẹ́ káwọn fi dáná, kí àyè lè wà nínú yàrá. Mo wá ń bi yín, kí ló ń mú kọ́míìkì wọ́n gan-an? Ṣé torí pé ó ti pẹ́ ni?

Ṣakí_Boy:
Mílíọ̀nù 6 dọ́là fún ìwé ọmọdé? Kí wọ́n fún mi ní 10,000 náírà péré, màá ya òmíì fún wọn kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìròyìn íntánẹ́ẹ̀tì tàn yín jàre. Bàbá mi ní ìwé ìròyìn àtijọ́ tó kún yàrá kan, a gbé e lọ tà, ìwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún wa bí ẹni ta gàrí. Tó bá jẹ́ pípẹ́ ló ń sọ nǹkan di owó ni, òrùlé ilé tí à ń gbé yìí ì bá ti di góòlù.

Àgbà_Kọ́míìkì:
@Ọmọ_Ìjẹ̀bú ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tu màmá nínú. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ra nǹkan yìí tí mo sì ń tà á ní Baltimore níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bẹ̀ yín ná. Ẹ má nù wọ́n. Ẹ má sá wọn sóòrùn. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohunkóhun. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín sún mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná.

Òótọ́ ni ìròyìn yẹn. Action Comics nọ́ńbà 1 ni, 1938 ló jáde, sẹ́ńtì 10 ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn, inú ẹ̀ ni Superman ti kọ́kọ́ yọjú sáyé. Oṣù kẹrin 2024 ni ẹnì kan ra ẹ̀dà kan ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Àmọ́ @Ṣakí_Boy náà ò parọ́ o. Pípẹ́ nìkan ò ta nǹkan kan. Mo ní kọ́míìkì àwọn ọlọ́ṣin apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àárín 1950 sí 1959 ló jáde, dọ́là 10 ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti wà ńbẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀.

Ohun tá a kọ́kọ́ máa ń wò ni pé ta ló fojú hàn nínú ìwé náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní key. Ẹ wo Amazing Fantasy nọ́ńbà 15, oṣù kẹjọ 1962, sẹ́ńtì 12. Ìwé yẹn ń kú lọ ni, nọ́ńbà tó kẹ́yìn gan-an nìyẹn, wọ́n kàn ki ìtàn ọmọkùnrin kan tí aláǹtakùn bù jẹ bọ inú ẹ̀ torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pàdánù mọ́. Stan Lee ló kọ ọ́, Steve Ditko ló yà á. Spider-Man nìyẹn o. 2021 wọ́n ta ẹ̀dà kan ní mílíọ̀nù 3.6 dọ́là. Nọ́ńbà tó ṣáájú ẹ̀, tó jẹ́ oṣù kan péré ló fi jù ú lọ? Ẹ ò lè fowó ẹ̀ ra ẹsẹ̀ tábìlì ilé tí ẹni tó ra 15 ń gbé.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ìgbà tí wọ́n ń ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀. Jerry Siegel àti Joe Shuster tí wọ́n dá Superman sílẹ̀, dọ́là 130 ni wọ́n san fún wọn tí wọ́n fi gba gbogbo ẹ̀tọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín? Sọ̀wédowó yẹn gan-an, bébà báńkì lásán, wọ́n tà á ní gbàǹjo lọ́dún 2012 ní 160,000 dọ́là.

Ṣakí_Boy:
Ẹ dúró ná. Ẹni tó ya á gba 130, bébà tí wọ́n fi san owó fún un wá gba 160,000? Ayé yìí ò dáa o 😂😂

Ìyá_Oníwèé:
Ẹ kúulé o. Èmi òkú ìwé ni mò ń tà n'Íbàdàn, ó ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ti Superman, ẹni tó pariwo Atọ́ka lèmi gbọ́ o. Mẹ́fà! @Ọmọ_Ìjẹ̀bú ṣé èèpo ẹ̀yìn wọn ṣì wà lára wọn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí ò mọ̀ ọ́n: Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ ní 1967, kì í ṣe yíyà, fọ́tò ni. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣeré wa ni wọ́n máa ń ya lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn lójú ìwé, ọ̀rọ̀ Yorùbá á máa jáde lẹ́nu oníkálukú. Ẹni tí ò lówó àtilọ wo eré, á rà á, á kà á sókè fún ará ilé. Ìyá mi kàwé díẹ̀ ni, Atọ́ka ló fi mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Àwọn tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ń ka African Film, èyí tí akọni tó ń jẹ́ Lance Spearman wà nínú ẹ̀, Spear náà, onífìlà àti sìgá. Ní 1976 Wale Adenuga gbé Ikebe Super dé, ibẹ̀ ni Papa Ajasco ti wá kó tó wọ tẹlifíṣọ̀n.

Àmọ́ ẹ wá ọ̀kan wá fún mi lónìí! Alákàrà ti wé e tán. Ẹlẹ́pà ti ká a ní kọ́ńkọ́ tán. Ọmọ iléèwé mẹ́wàá á pín ọ̀kan kà, ìgbà tó bá máa fi yí dọ́wọ́ ẹni kẹwàá, ojú ewé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn ti re. Ti Ikebe Super tún le jù, torí àwọn òbí ò fẹ́ rí i lọ́wọ́ ọmọ, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ki í sí, wọ́n á wá sùn lé e lórí títí yóò fi rún. Lọ́dọ̀ tèmi o, ẹni tó bá mú odindi wá, a jọ máa ná an jẹ́jẹ́ ni.

Àgbà_Kọ́míìkì:
Màmá ẹ ti sọ ọ́ tán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ámẹ́ríkà náà nìyẹn, àwọn tiwọn ò sáà fi wé àkàrà. Wọ́n fojú bù ú pé 200,000 ni wọ́n tẹ̀ nínú Action Comics 1 yẹn, èyí tó kù láyé ò ju bí 100 lọ. Ibo làwọn yòókù wà? Ọmọdé ká a mọ́ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ìyá da á nù nígbà tọ́mọ lọ sójú ogun. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ń kó bébà jọ fún iṣẹ́ ogun, àwọn ọmọ iléèwé ló ń ru kọ́míìkì tiwọn lọ dà sí i, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá ru èyí tó pọ̀ jù. Ogun parí, ní 1948 wọ́n ń dáná sun ún ní gbangba láwọn ìlú kan, ti Binghamton ní New York lokìkí ẹ̀ kàn jù, wọ́n ní ó ń ba ọmọ jẹ́. 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Fredric Wertham kọ odindi ìwé lórí ẹ̀, ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà pe àwọn tó ń tẹ kọ́míìkì wá dáhùn ìbéèrè. Ìyẹn ni pé nǹkan tí à ń fi mílíọ̀nù rà lónìí, iná ni wọ́n ń jù ú sí nígbà yẹn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n @Ọmọ_Ìjẹ̀bú pé kì í ṣe àwọn ni àkọ́kọ́.

Láńre_Peckham:
Ẹ jẹ́ n fojú ara mi ṣe àríkọ́gbọ́n fún yín. 1991 ni mo wà ní yunifásítì níbí, ariwo ta pé ẹni tó bá ra kọ́míìkì pa mọ́ yóò lówó. X-Men nọ́ńbà 1 jáde lọ́dún yẹn, èèpo ẹ̀yìn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún un. Kí lèmi ṣe? Mo ra márààrún. Mo tún padà lọ ra márùn-ún sí i fún ọmọ tí mi ò tíì bí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Superman kú, wọ́n fi ọ̀rá dúdú dì í, wọ́n fi àsíá ọ̀fọ̀ dúdú tí wọ́n ń so mọ́ apá sínú ẹ̀, mo ra mẹ́ta, mi ò tú u, ẹyọ kan mi ò tú.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé e kiri o. Ilé mẹ́rin. Ìyàwó mi ti bínú títí. Nígbà tí mo wá gbé páálí náà dé ṣọ́ọ̀bù kan l'éṣìí, ọmọkùnrin tó wà ńbẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí i tán, ó kàn ní "ọ̀gá, àwa náà ní i." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀, páálí mẹ́ta tó kún fún ohun kan náà.

Wọ́n ta X-Men yẹn tó mílíọ̀nù 8 ẹ̀dà! Gbogbo ẹni tó rà á ló fi ọ̀rá wé e bí ọmọ tuntun. Ta ló wá fẹ́ ra èyí tí gbogbo ayé ní? Kò pẹ́ sí i tí ọjà náà fi dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kógbá wọlé, Marvel tó ń tẹ X-Men fúnra ẹ̀ wọ gbèsè débi pé ó sá lọ kóòtù lópin 1996. Ohun tí wọ́n dá tẹ̀ pé kẹ́ ẹ máa kó o pa mọ́, ẹ sá fún un.

Ṣakí_Boy:
Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n jó ló wọ́n, èyí tí wọ́n kẹ́ ò wọ́n. Àmọ́ ìbéèrè kan ni mo ní. Tí ẹnì kan bá ní ẹ̀dà tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, tí ẹlòmíì ní èyí tó ń dán, ta ló ń dá a pé èyí ló tó mílíọ̀nù? Ẹni tó ń tà á náà ni?

Àgbà_Kọ́míìkì:
Ìbéèrè ọlọgbọ́n. Láyé àtijọ́ àwa tá à ń tà á àtàwọn tó ń rà á ló ń bá ara wa jà lórí ẹ̀. Láti 2000 ni iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CGC ti dé, ẹ óò fi kọ́míìkì yín ránṣẹ́, wọ́n á fún un ní máàkì láti 0.5 dé 10, wọ́n á sì tì í mọ́ inú pílásítíìkì líle.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wò ó torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ gbé ọ̀kan sílẹ̀ níwájú yín, ẹ má ṣí i o. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ká ìwé yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀, tí píìnì méjì wà. Ẹ gbé e dagun díẹ̀ sábẹ́ iná. Ẹ óò rí àwọn ìlà funfun kéékèèké tó dábùú ẹ̀yìn náà, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná fa nǹkan. Gbogbo ìgbà tí ọmọ kan ṣí i gbagada láti kà á ló bí ìlà kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ máàkì. Kí àwọ̀ tó ti bó kúrò lórí ìlà yẹn tún ń jẹ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ó ṣì mú àbí ó ti rí róbótó? Píìnì ńkọ́, ṣé ó ti dógùn-ún tí ipata ẹ̀ ti ràn mọ́ bébà? Bébà inú wá ńkọ́, ṣé funfun ni, àbí ó ti pọ́n, àbí ó ti gbẹ débi pé ó ń rún mọ́ni lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì? Wọ́n á ka ojú ewé pé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Marvel ìbẹ̀rẹ̀ 1960 tún ní àìsàn tiwọn, abẹ ìgé ìwé tí wọ́n lò kò mú, bébà etí ọ̀tún máa ń ṣán bíi eyín tó ká, láti ilé ìtẹ̀wé ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ kankan.

Ibi tó ń ya àwọn tuntun lẹ́nu ni àtúnṣe. Ẹnì kan á rí i pé àwọ̀ ti bó lára Superman ẹ̀, á mú bírò pupa, á fi kùn ún. Ó rò pé òun ṣe dáadáa. Lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ elésè àlùkò ni wọ́n máa fi sí i lára, pé wọ́n ti tún un ṣe, owó ẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ẹ wá wo èyí tó dáa láìsí àtúnṣe, ti Nicolas Cage, òṣèré sinimá yẹn. Ẹ̀dà Action 1 tiẹ̀ ni wọ́n jí ní 2000, wọ́n rí i padà ní 2011 nínú yàrá ìkẹ́rù kan ní California, máàkì 9 ló gbà, mílíọ̀nù 2.16 dọ́là ni wọ́n sì tà á lọ́dún yẹn. Ó kọjá lọ́wọ́ olè, ó ṣì ń dán.

Ìyá_Oníwèé:
Tí wọ́n bá ti tì í mọ́ pílásítíìkì, báwo lẹ ṣe ń kà á?

Àgbà_Kọ́míìkì:
A kì í kà á mọ́, màmá.

Ìyá_Oníwèé:
Ìwé tí a kì í kà! Ó dà bí kéèyàn ra aṣọ ẹtù kó máa fi há ògiri. Mi ò bá yín jà o, owó yín ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ mi níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra Atọ́ka á kọ́kọ́ jókòó ka ojú ewé méjì, á rẹ́rìn-ín, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà.

Láńre_Peckham:
Mo wà lẹ́yìn Màmá lórí èyí 😂 Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sórí Powerman, torí ẹ ò sọ̀rọ̀ kàn án, ó sì lè jẹ́ òun lọmọ àrà inú àpótí yẹn.

1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. London ni wọ́n ti ń yà á, Nàìjíríà ni wọ́n ń kó o wá tà, akọni aláwọ̀ dúdú fún àwọn ọmọ tiwa. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọ́n gbé iṣẹ́ yíyà ẹ̀ fún kò tíì ní orúkọ kankan nígbà yẹn, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Lónìí ńkọ́? Gibbons ló ya Watchmen, Bolland ló ya The Killing Joke, kọ́míìkì méjì tí òkìkí wọn kàn káyé. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀gá méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì n'Íjẹ̀bú, àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn wọn sì ń wá a kiri. Ìdí mìíì nìyẹn tí kọ́míìkì fi ń wọ́n, ọwọ́ ta ló yà á. Ẹ ṣọ́ra sá o, ní 1988 wọ́n tún un tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, wọ́n sì yí orúkọ akọni náà sí Powerbolt nítorí Marvel ti ní Power Man tiwọn. Tí ẹ bá ti rí Powerbolt, àtúntẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ Powerman ló wà lójú ìwé tí owó Nàìjíríà sì wà níbi iye ẹ̀, ẹ rọra gbé e.

Bíọ́lá_Láíbìrì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ iye kọ́míìkì, àmọ́ mo mọ bébà. Bébà pọ́ọ́kú bíi ti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi tẹ àwọn nǹkan yẹn, igi tí wọ́n lọ̀ láìyọ ohun tó wà nínú ẹ̀ dáadáa, ásíìdì ara ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ láti inú. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un yá. Nítorí náà àpótí páànù lábẹ́ òrùlé páànù n'Íjẹ̀bú, háà. Ẹ kó wọn kúrò ńbẹ̀ lónìí, sí yàrá tó tutù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí wọ́n má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ wò ó bóyá ikán tàbí aáyán ti wọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má ran àwọn tó kù. Ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín wọn, ẹ má sì ki wọ́n bọ ọ̀rá ọjà lásán, ọ̀rá yẹn fúnra ẹ̀ ń jẹ bébà. Mylar ni orúkọ ọ̀rá tó dáa, pẹ̀lú páálí tí kò ní ásíìdì lẹ́yìn ẹ̀.

Àgbà_Kọ́míìkì:
Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní 1977 wọ́n bá kọ́míìkì bíi 18,000 sí 22,000 nílé ọkùnrin kan ní Denver, Edgar Church lorúkọ ẹ̀, ayàwòrán ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń rà á. Denver ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ó sì tutù, ó tò wọ́n lélẹ̀ gogoro tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lánàá. Títí dòní, tí kọ́míìkì kan bá ti wá láti ilé yẹn, orúkọ ilé náà nìkan ń fi owó kún un.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. Mo ti kó wọn wá sí pálọ̀ mi n'Íbàdàn. Ikán ò dé ọ̀dọ̀ wọn, Ọlọ́run ṣeun, aáyán jẹ etí bíi mẹ́jọ. Màmá @Ìyá_Oníwèé, Atọ́ka mẹ́rin ní èèpo, méjì ò ní, màá pè yín.

Mo ti ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ bá mi wo èyí: The Incredible Hulk nọ́ńbà 181, sẹ́ńtì 25, November 1974. Hulk ń bá ọkùnrin kúkúrú kan jà tó wọ aṣọ yẹ́lò, ó ní èékánná irin gígùn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ dáa, ìlà funfun yẹn ò ju mẹ́ta lọ.

Àgbà_Kọ́míìkì:
Ẹ jókòó.

Wolverine nìyẹn, akọni X-Men tí gbogbo ayé mọ̀. 181 yẹn ni ìtàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ojú ewé tó kẹ́yìn 180 ló ti yọjú fìrí. Nínú gbogbo kọ́míìkì ọdún 1970 sí 1979, ó wà lára àwọn tí wọ́n ń wá jù lọ láyé. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, ẹ rọra ṣí i dé ojú ewé tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Ṣé sítáǹbù kékeré kan wà níbẹ̀, tó ní àwòrán lára?

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Láti 1974 Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ sítáǹbù sínú kọ́míìkì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ gé e, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kan, 100 ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ sì gé e! Ẹ̀dà 181 tó dán láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ihò bá ti wà lójú ewé yẹn, ìdá kékeré lára owó ẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ló ti ra ìhò lówó odindi nítorí wọn ò ṣí inú ẹ̀ wò.

Ṣakí_Boy:
Mo ti jókòó. Mo ti ra gúgúrú. @Ọmọ_Ìjẹ̀bú ẹ ṣí i jọ̀ọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Wọ́n mú iná lọ bí mo ṣe fẹ́ ṣí i, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi wò ó.

Ihò ni. Ihò onígun mẹ́rin, ó gún régé, abẹ ni wọ́n fi gé e, kò tiẹ̀ ya síta kankan. Téèyàn bá gbé e sókè á rí àwòrán ojú ewé kejì láti inú ẹ̀.

Láńre_Peckham:
Áà! Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà!

Àgbà_Kọ́míìkì:
Ó mà ṣe o. Ẹ má banú jẹ́ jù, ó ṣì lówó lórí, kì í kàn án ṣe owó ilé. Ẹ wo àwọn Marvel 1974 àti 1975 yòókù, wọ́n ti ní láti gé ìyẹn náà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Mo ti wò wọ́n. Gbogbo wọn ni wọ́n gé.

Mo pe màmá mi lórí fóònù pé ẹ wá gbọ́ ohun tí àbúrò yín ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mi ò rí ìwé ẹ̀ ńbẹ̀ ni? Mo ní ìwé wo. Wọ́n ní nígbà tó dé láti Texas ìwé kan ni kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, wọ́n rò pé sáàtífíkéètì ni.

Mo padà sídìí àpótí. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Ìwé ìkọ̀wé lásán ni, kì í ṣe èyí tí Marvel ń tà. Ó fi rúlà fa ìlà sí gbogbo ojú ewé, ó kọ nọ́ńbà 1 dé 100, ó sì lẹ sítáǹbù kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tiẹ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti pọ́n lábẹ́ wọn. Ti Hulk yẹn wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn ìwé ló kọ ọ́ sí ní gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ ara ẹ̀, iye tó ti rí àti iye tó kù. Ó ti rí 61.

@Àgbà_Kọ́míìkì ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ta 39 tó kù?

Àgbà_Kọ́míìkì:
Inú kọ́míìkì àwọn ẹlòmíì ló wà, ọ̀gá mi. Ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò o. Ẹ gbé abẹ yẹn sílẹ̀.